Oníkámẹ́rà Tó Ní Ká Ṣe Bí Ẹni Pé Òun Kò Sí

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ o. Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ìlàkàkà, mo kí ọ kú àìrójú ìlú ńlá níbi tí wọ́n ní ènìyàn ti ń sáré kó tó jí. Kí ìwé yìí bá ọ lórí ìdúró, kó má bá ọ lórí ìdùbúlẹ̀. Ojú tí o fi ń wo inú kámẹ́rà kò ní fọ́, ẹsẹ̀ tí o fi ń rìn kiri títì kò ní kọ. Àmín. Èmi náà wà láàyè, ara mi le, yàtọ̀ sí apá méjèèjì tó ń ro mí àti ibì kan tí n kò ní dárúkọ tí kò jẹ́ kí n lè jókòó, ìdí nìyí tí mo fi ń kọ ìwé yìí ní ìdúró nídìí bẹ́ńṣì tí mo fi ń fá pákó. Bí o bá rí èérún igi nínú bébà náà, má rò pé ẹnì kan ló fi oògùn sí i.

Ilé wà bó ṣe wà. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn kò ṣeé ṣí mọ́ àfi kéèyàn fi èjìká tì í, mo sì mọ ohun tí o máa sọ, pé bàbá tó jẹ́ káfíńtà ló ń fi èjìká ṣílẹ̀kùn, ṣùgbọ́n ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Fọ́tò ara rẹ tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù ìyá rẹ ti dé, àmọ́ ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ìjà sílẹ̀ nílé. Nígbà tó kọ́kọ́ fi ìka kàn án, o sanra lójijì, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ kún gbogbo ojú fóònù, inú rẹ̀ dùn, ó ní a dúpẹ́, ọmọ ń jẹun. Ó tún fi ìka méjì fún un pọ̀, o rù, o kéré bí ẹyọ ẹ̀wà kan, ló bá bú sẹ́kún pé ebi ń pa ọmọ òun níbi tó lọ. Mo ní kó tún un fẹ̀ kíákíá. Láti ìgbà náà, kó tó pa fóònù rẹ̀ lálẹ́, ó máa ń fi ìka fẹ̀ ọ́ dáadáa, kí o lè sùn nínú ara tó dára. Bí o bá ń rí i pé aṣọ rẹ ń fún ọ níbẹ̀, ìyá rẹ ni kí o bi.

Ó yá, kí n bọ́ sínú ọ̀rọ̀. Ìyá rẹ ní o pe òun, pé ẹkún lò ń sun, pé ọkùnrin rẹ sọ fún ọ pé láti ìgbà tí òun ti dé ilé wa, ẹnikẹ́ni kò kí òun, ẹnikẹ́ni kò dá òun lóhùn, ẹnikẹ́ni kò fún òun lóúnjẹ. O ní ó ti yé ọ, pé mo ti kọ ọkùnrin náà, pé ẹnu ni n kò fẹ́ fi sọ ọ́. Ọmọ mi, gbogbo ohun tó sọ fún ọ, òótọ́ ni, kò bù kún un. Ìdí rẹ̀ nìkan ni kò mọ̀. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ò ń wá nínú ìwé yìí, bóyá mo gbà kó fẹ́ ọ tàbí n kò gbà. N kò ní sọ ọ́ níbí, torí bí mo bá sọ ọ́ níbí o kò ní ka ìyókù, owó ni mo sì fi ra bébà.

O kò lè sọ pé o kò mọ ohun tí mo ní lọ́kàn sí i tẹ́lẹ̀. Nígbà tí o sọ fún mi pé iṣẹ́ kan náà lẹ̀yin méjèèjì ń ṣe, tìrẹ yé mi, ọmọ mi ni ọ́, bí o bá ní afẹ́fẹ́ lò ń tà mo máa ní kí Ọlọ́run jẹ́ kó tà. Ṣùgbọ́n odidi ọkùnrin, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, kó máa wo àwọn tó ń ṣiṣẹ́! O ṣe àlàyé títí. O ní fọ́tò tí kì í parọ́ ni, pé ẹ kì í to ènìyàn sí ìlà, ẹ kì í ní kó rẹ́rìn-ín, pé ẹ máa ń rin ìrìn àjò lọ sí ìlú onílùú, ẹ ó jókòó ti àwọn ènìyàn títí wọn yóò fi gbàgbé yín, bí ẹ bá sì ṣe bá ayé lẹ ó ṣe yà á, kí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè mọ bí a ṣe gbé e. Mo bi ọ́ pé fọ́tò wo ló wá ń parọ́. O ní èyí tó wà lára ògiri wa, tí èmi àti ìyá rẹ dúró sí etí òkun, nígbà tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò rí òkun rí. Mo ní aṣọ tí wọ́n kùn, tí wọ́n ta sẹ́yìn wa ni, kì í ṣe irọ́, ọ̀ṣọ́ ni. Mo sì sọ fún ọ kedere pé ẹni tó máa fẹ́ ọmọ mi gbọ́dọ̀ ní nǹkan kan tí ọwọ́ rẹ̀ ń ṣe. O bẹ̀ mí pé ó ń bọ̀ lápá ọ̀dọ̀ wa láti ya àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ojú títì, pé kí n jẹ́ kó wọ̀ sílé wa, kí n fi ojú ara mi wò ó, kí n tó sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Mo gbà.

A múra dè é, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni parọ́ fún ọ. Mo kun ilẹ̀kùn iwájú ní ọ̀dà. Mo sọ fún gbogbo títì pé oníkámẹ́rà ń bọ̀. Atúnbàtàṣe wọ bàtà, èyí tí ẹnikẹ́ni kò rí lẹ́sẹ̀ rẹ̀ rí. Onígbàjámọ̀ fá irùngbọ̀n ara rẹ̀ títí ó fi fá apá kan irun ojú mọ́ ọn. Èmi ni mo tò wọ́n síwájú ilé wa, àwọn tó ga lẹ́yìn, àwọn tó kúrú níwájú, mo ní kí olúkúlùkù gbé ọwọ́ lé itan, kó má ṣẹ́jú. A wà bẹ́ẹ̀ nínú oòrùn títí ó fi dé.

Ó kí wa bí ọmọ tí a kọ́, èyí ni mo lè sọ. Ó wo ìlà tí a tò, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, kò sì yọ kámẹ́rà jáde. Ó ní ẹ jọ̀ọ́, kí a má dúró nítorí òun, kí olúkúlùkù padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀, pé ohun tí òun ń fẹ́ ni pé kí a ṣe bí ẹni pé òun kò sí níbẹ̀ rárá, títí òun yóò fi lọ. Mo bi í pé rárá? Ó ní rárá. Mo ní láti àárọ̀ di alẹ́? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, bàbá, bí ẹ bá lè ràn mí lọ́wọ́ bẹ́ẹ̀, inú mi máa dùn. Mo ní mo gbọ́, mo ṣèlérí fún un. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀ fífọ́ ló ń fọ́, ìwọ náà sì mọ̀ pé bàbá rẹ kì í sọ̀rọ̀ kó yẹ̀ ẹ́. Mo dìde lójú ẹsẹ̀, mo lọ láti ilé dé ilé, mo kìlọ̀ fún wọn pé àlejò wa kò sí o.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì ó jáde láti yàrá, ó ní ẹ kú àárọ̀ bàbá. Ọ̀fun ń yún mi láti dáhùn. Mo kọjú sí ògiri, mo ń súfèé. Ó jókòó lórí àga, mo sì nílò àga náà, mo fà á kúrò nídìí rẹ̀, nítorí àga tí kò sí ẹnikẹ́ni lórí rẹ̀ ni, ó rọra bá ara rẹ̀ nílẹ̀. Ní ìsọ̀ atúnbàtàṣe, oníbàárà kan dé, ó rí bẹ́ńṣì, ó jókòó lé ọkùnrin rẹ nítan níbẹ̀, wọ́n sì ń ná owó bàtà lórí itan rẹ̀ títí wọ́n fi gbà. Ọkùnrin náà gbé kámẹ́rà kọjá lórí èjìká oníbàárà, ó ń ya ọwọ́ atúnbàtàṣe lọ. Mo ní nínú mi pé ó ní sùúrù ṣá. Ṣùgbọ́n sùúrù kọ́ ni iṣẹ́.

Ìyá rẹ ni kò gbà. Ó ní ojú ń ti òun. Nígbà tó rí i pé n kò yẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Yóò pariwo pé, ẹ̀rọ, ká ní ènìyàn wà nílé yìí ni, à bá sọ fún un pé omi gbígbóná wà lẹ́yìn ilé, ọṣẹ sì wà lórí fèrèsé. Mo bi í pé ṣé ẹ̀rọ ló kàn láti wẹ̀ ni. Ó ní ẹ̀rọ nìkan ló kù tó ń gbọ́ tòun.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá bàjẹ́ ni ti oúnjẹ. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan ó bu oúnjẹ sínú abọ́, ó fi ẹran méjì sí i, ó gbé e sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà yàrá àlejò, ó ní òun gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀ ni. Ọmọ mi, mo ti ìdí iṣẹ́ dé, ebi ń pa mí, mo rí oúnjẹ tí kò ní olówó. Ṣé kí n máa wò ó ni? Mo jẹ ẹ́. Ọkùnrin rẹ dúró níbẹ̀, ó gbé kámẹ́rà sójú, ó ń yà mí bí mo ṣe ń jẹ oúnjẹ rẹ̀, mo sì rí i tó gbé itọ́ mì. Bí mo ṣe ń fá ìdí abọ́ ni ìyá rẹ yọ. Háà! Ó ní bí mo bá ní ọmọ ọlọ́mọ kò sí, ṣé ebi rẹ̀ náà kò sí ni? Ó ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí, bó bá dé inú rẹ̀ a di odidi, ṣùgbọ́n tèmi, bó bá dé inú mi, ẹran ló ń bá pàdé níbẹ̀. Láti ọjọ́ náà kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Bí mo bá pè é, hẹn. Bí mo bá bi í léèrè, hẹn. Bí a ṣe di ènìyàn mẹ́ta nínú ilé kan tí ẹnikẹ́ni kì í bá ẹnì kejì sọ̀rọ̀ nìyẹn.

Ìyá Oníbúrẹ́dì náà tún wá dá kún un. Ó ti lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ nígbà tí mo ń kìlọ̀ fún títì, kò gbọ́ àṣẹ. Ó dé, ó gbé àtẹ búrẹ́dì rẹ̀ sílẹ̀, ó bi mí pé ta ni ọmọkùnrin tó dúró lẹ́nu ọ̀nà wa yẹn. Mo ní kò sí ẹnikẹ́ni. Ó tún wò ó. Ó ní èyí tó gbé nǹkan dúdú kọ́rùn yìí ńkọ́? Mo ní ìyá, ẹ lọ sinmi, ìrìn ti rẹ̀ yín. Ó ní ta ló wá ń ra búrẹ́dì lọ́wọ́ òun láti àná? Ó tú etí aṣọ tó di owó sí, ó wo owó náà, ó gbé e sókè sí oòrùn. Ó gba ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì lọ tààrà. Nọ́ọ̀sì ní kó ka lẹ́tà ara ògiri, ó kà á dé èyí tó kéré jù, nọ́ọ̀sì ní ojú rẹ̀ mọ́ ju ti òun lọ. Láti ìgbà náà, bó bá ti ń kọjá, yóò dúró lókèèrè, yóò wo ilé wa, yóò mi orí, yóò máa lọ.

Èmi náà ń ṣọ́ ọkùnrin rẹ ní gbogbo àsìkò yìí, torí ohun tí o ní kí n ṣe nìyẹn. N kò lè bi í léèrè ohunkóhun, níwọ̀n bí kò ti sí, nítorí náà ọgbọ́n orí mi ni mo fi wá gbogbo rẹ̀. Mo rí i tó yọ káàdì kan láti inú kámẹ́rà, kò tó èékánná àtàǹpàkò mi, ìwọ lo sì sọ fún mi nígbà kan pé inú rẹ̀ ni gbogbo fọ́tò ń lọ. Ọkàn mi kò balẹ̀ rárá. Káfíńtà ni mí, mo mọ ohun tí àpótí lè gbà àti èyí tí kò lè gbà. Nígbà tó ya títì, mo ní ó dáa, títì ṣeé ká. Ṣùgbọ́n nígbà tó kọ kámẹ́rà sí kọ́bọ́ọ̀dù ńlá tí mo ń kàn lọ́wọ́, igi líle, tí àwọn ọkùnrin bíi mẹ́rin ń làágùn lórí rẹ̀ kí wọ́n tó lè gbé e, mo sáré fi aṣọ bò ó kó má bàa fọ́ káàdì náà mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìyá rẹ fẹ́ kọjá níwájú rẹ̀ lákòókò náà, ó wù mí kí n sọ fún un pé káàdì náà kéré o, ṣùgbọ́n mo rántí pé a kì í sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún obìnrin tó ń bínú.

Páánù kan ti ń ṣí lórí ilé wa, lápá iwájú. Kí n sọ òtítọ́ fún ọ, páánù náà ì bá dúró dìgbà mìíràn, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ẹni tí kò sí ń wò mí, mo sì fẹ́ kó rí bí ọkùnrin ṣe ń ṣiṣẹ́. Mo gbé àkàbà ńlá ti ògiri. Láti ìgbà tí mo ti fẹ́ ìyá rẹ, òun ló máa ń di ẹsẹ̀ àkàbà mú fún mi. Mo pè é pé kó wá dì í mú. Ó ní hẹn, kò sì dìde nídìí ẹ̀rọ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Mo ní kò burú, ṣé òun ló bí mi ni? Mo fi òòlù sí àpò, mo fi ìṣó sẹ́nu, mo gùn ún.

Bí mo ṣe na ọwọ́ mú páánù ni àkàbà yọ̀ lábẹ́ mi, ó ṣubú gbàgà. Mo fi ọwọ́ méjèèjì di igi òrùlé mú, mo ń mì dirodiro, ojú mi kọ sí páánù, ẹ̀yìn mi kọ sí gbogbo ayé. Bí ẹni pé ìyẹn kò tó, òòlù tó wà lápò fa ṣòkòtò mi, okùn rẹ̀ já, ṣòkòtò sọ̀ kalẹ̀ ó sì kọ́ mi lọ́rùn ẹsẹ̀. Mo wọ nǹkan sábẹ́ o, a dúpẹ́, ṣùgbọ́n èyí olódòdó ni, tí ìyá rẹ fi ìyókù aṣọ oníbàárà kan rán fún mi. Mo gbọ́ kámẹ́rà lẹ́yìn mi: káṣá. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Inú bí mi débi pé mo gbé ìṣó kan mì díẹ̀ kí n tó tu ú jáde.

O máa bi mí pé kí ló dé tí n kò pe ẹni tó wà lẹ́yìn mi pé kó gbà mí. Báwo ni mo ṣe fẹ́ pè é, ọmọ mi? Mo ti ṣèlérí. Ìyá rẹ ni mo ké pè. Kò dáhùn. Ẹ̀rọ rẹ̀ tó ń dún tẹ́lẹ̀ ti dákẹ́ pẹ̀lú. Mo ní háà, obìnrin yìí gbọ́ mi, ó káwọ́ lẹ́rán, ó ń gbádùn ara rẹ̀. Gbogbo èébú tí mo mọ̀ ni mo bú u sí páánù lójú, èyí tí n kò mọ̀ mo ṣẹ̀dá rẹ̀. Ìgbà náà ni ọwọ́ méjì mú ẹsẹ̀ mi, wọ́n gbé e lé nǹkan kan tó le tó sì ń mí. Mo dúró lé e. Mo tún ké sí ìyá rẹ pé kó máa bọ̀ o, pé mo dúró lórí afẹ́fẹ́, n kò sì mọ ìgbà tó máa rẹ̀ ẹ́.

Ìyá Oníbúrẹ́dì ló kọ́kọ́ dé. Ó wo òkè, ó wo ìsàlẹ̀. Ó ní káfíńtà, èjìká ta lo gùn yẹn? Mo ní n kò gun èjìká ẹnikẹ́ni. Ó sọ àtẹ rẹ̀ kalẹ̀ gbì, ó ní ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ojú òun kò ní nǹkan kan, orí mi ló nílò nọ́ọ̀sì. Ó sì fara balẹ̀ jókòó ti búrẹ́dì rẹ̀ láti wò wá dópin.

Níbẹ̀ ni ọkùnrin rẹ ti la ẹnu. Ó ń mí hẹlẹhẹlẹ lábẹ́ mi. Ó ní bàbá, ẹ má bínú, òun mọ̀ pé ibí kọ́ ló yẹ ká ti sọ ọ́, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí òun ti dé, ìgbà àkọ́kọ́ rèé tí ẹ kò lè dìde kúrò níwájú òun. Ó ní ọmọ yín ni òun wá tọrọ, ẹ jọ̀ọ́. Ọmọ mi, rò ó wò. Bí mo bá dáhùn, mo yẹ ọ̀rọ̀ mi. Bí n kò bá dáhùn, ẹsẹ̀ mi wà lọ́rùn rẹ̀. Mo wá bá páánù sọ̀rọ̀. Mo ní páánù, ká ní ẹnì kan ń bá mi sọ̀rọ̀ níbí ni, ǹ bá bi í pé iṣẹ́ wo ló ń ṣe yàtọ̀ sí kó máa dúró. Ó ní bàbá, ní báyìí, dídúró gan-an ni iṣẹ́ o, bí òun bá ṣíwọ́ rẹ̀, ẹ máa mọ̀. Mo bi páánù bóyá ó gbọ́.

Lẹ́yìn náà ni ìyá rẹ dé pẹ̀lú onígbàjámọ̀ àti atúnbàtàṣe, wọ́n gbé àkàbà dìde, wọ́n gbà mí sọ̀ kalẹ̀. Ẹsẹ̀ mi yọ̀ ní àtẹ̀gùn ìsàlẹ̀, mo sì jókòó lé òòlù, ibi tí mo ní n kò ní dárúkọ nìyẹn. N kò dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mo fa ṣòkòtò mi sókè, mo wọlé, mo ń bínú sí ìyá rẹ ju bó ṣe ń bínú sí mi lọ, pé mo fi ọ̀pọ̀ ọdún bọ́ obìnrin tó máa dé lẹ́yìn oníbúrẹ́dì.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọkùnrin rẹ wá dúró níwájú mi. Ó ní òun kò ní parọ́ fún mi, ọwọ́ òun ti ya ẹyọ kan kí orí òun tó mọ̀. Ó ní fọ́tò mi ni, bí mo bá fẹ́, òun máa pa á rẹ́ lójú mi, kò sí ẹni tó máa rí i láéláé, ìwọ pàápàá. Ó kọ ẹ̀yìn kámẹ́rà sí mi, níbi tó ní fèrèsé kékeré kan. Mo rí ara mi láti ẹ̀yìn, ohun tí Ọlọ́run kò fẹ́ kéèyàn rí. Gbogbo òdòdó náà ló hàn, o lè kà wọ́n. Mo na ìka sí i, mo fi orí ṣe àmì pé kó pa á rẹ́ kíákíá. Ó gbé ìka lé bọ́tìnnì.

Ìgbà náà ni mo rí ìyá rẹ. Ó wà ní ìkángun fọ́tò náà, lápá òsì, ibi tí n kò kọ́kọ́ wò. Ó ti dìde nídìí ẹ̀rọ, aṣọ oníbàárà ń wọ́ nílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, okùn ìwọ̀n fò sókè lọ́rùn rẹ̀, ẹsẹ̀ kan ní bàtà, ìkejì kò ní. Ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú bí ẹni tó fẹ́ fi ọwọ́ lásán gba gbogbo ara mi yìí. Ọmọ mi, n kò tíì ké pè é nígbà náà. Eruku tí àkàbà tú kò tíì balẹ̀ tán nínú fọ́tò náà, ó ti ń sáré bọ̀. Ó ń wò mí láti ibi tó ti ń ṣe hẹn. Wọ́n wá sọ fún mi pé òun ló kọ́kọ́ dé ìdí àkàbà, ó gbìyànjú kó gbé e, kò lè gbé e, ló bá sáré lọ pe onígbàjámọ̀ pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan, nígbà tí èmi ń bú u fún páánù. Omi bọ́ lójú mi, n kò ní fi pa mọ́ fún ọ. N kò mọ̀ pé ọkàn obìnrin yìí ṣì lè já báyẹn nítorí tèmi.

Mo ní dúró! Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí mo bá ọkùnrin rẹ sọ nìyẹn. Mo ní má pa á rẹ́. Mo ní káàbọ̀. Mo ní ṣé dáadáa lo dé, báwo ni ọ̀nà, báwo ni àwọn tí o fi sílẹ̀ nílé, ṣé o sùn dáadáa, káàárọ̀, káàsán, gbogbo èyí tó ti kó jọ sí mi lọ́fun ni mo tú jáde, ó sì ń dáhùn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ báàgì kalẹ̀. Ìyá rẹ gbọ́ ohùn mi láti ẹ̀yìn ilé. Ó ké sí mi pé ta ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Mo ní ọkọ ọmọ rẹ ni.

O ti rí ohun tí ò ń wá. Sinmi ẹkún. Mo ti sọ pé ẹni tó ń dúró wo ènìyàn kò níṣẹ́ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n èmi àti ìyá rẹ ti ń wo ara wa láti ọjọ́ yìí wá, n kò rí ohun tí ọkùnrin rẹ rí níbi tó dúró. Mo lọ bẹ ìyá rẹ nítorí ẹran méjèèjì. Ó ní hẹn, ṣùgbọ́n hẹn tọ̀tẹ̀ yìí gùn díẹ̀, ó sì ní ẹ̀rín nínú. Ní alẹ́ ọjọ́ náà ó gbé oúnjẹ fún àlejò títí kò fi lè dìde mọ́, èmi sì dúró kó yó kí wọ́n tó bu tèmi, mo gbà pé bó ṣe yẹ nìyẹn.

Ọkùnrin rẹ ló mú ìwé yìí bọ̀ wá fún ọ. Àtè ìlẹ̀gi ni mo fi lẹ̀ ẹ́ kó má bàa kà á lọ́nà, nítorí náà ayùn ni kí o fi ṣí i, má fi ọwọ́ fà á. Bí ọwọ́ bá dẹ̀ ọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ sí wa. Mo fẹ́ ra ìgbànú aláwọ, ìwọ náà mọ ìdí. Ìyá rẹ fẹ́ ra bàtà tí kì í bọ́ lẹ́sẹ̀ bí ènìyàn bá ń sáré. Mo sì fẹ́ ra gíláàsì, torí mo ti ń kan férémù fọ́tò náà lọ́wọ́, igi tó dára jù nínú ìsọ̀ mi ni mo lò, kí ẹ bá mi tẹ̀ ẹ́ jáde ní ńlá. Àwọn tó ń tẹ fọ́tò lè sọ pé ó wọ́, pé kí àwọn gé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kó lè gún. Sọ fún wọn pé bí wọ́n bá gbọdọ̀ gé ẹnì kan, èmi ni kí wọ́n gé, kí ìyá rẹ ṣẹ́kù pẹ̀lú bàtà ẹyọ kan rẹ̀.

Kí Ọlọ́run pa ẹ̀yin méjèèjì mọ́. Kó jẹ́ kí iṣẹ́ ojú yín máa mú oúnjẹ wá sí ẹnu yín. Ìjà kò ní ṣàì wọ ilé yín, nítorí ilé ni, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí àkàbà bá yọ̀ lábẹ́ ẹnì kan nínú yín, kí ìbínú má jẹ́ kí ẹnì kejì jókòó, kó ti máa sáré bọ̀ kí ẹ tó ké pe ara yín, títí ẹ ó fi darúgbó. Àmín.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.